Ọpẹ́ Ìdílé Wa Lẹ́yìn Ìsìnkú Bàbá

Ó ti parí, ó sì parí síre. Ohùn ti há mọ́ gbogbo wa lọ́fun, ẹsẹ̀ ń ro wá, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ẹ ṣé, a dúpẹ́, a tún ọpẹ́ dá. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Àwa ò fẹ́ ṣe ọlọ́ṣà sí yín.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ rí bí òjò ṣe mú sùúrù títí a fi kúrò níbi sàárè. A ò ní tún un rò.

Olùṣọ́-àgùntàn wa, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ kí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé a ó kí yín pẹ́. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti jáde láyé ni àwọn èèyàn ti ń sọ fún Màmá pé kí wọ́n mọ́kàn le, pé ìyá ìjọ ni wọ́n, pé arúgbó tó rí ọmọ-ọmọ kì í ṣe òkú ẹkún. Màmá sì mọ́kàn le lóòótọ́. Wọ́n ń kí àlejò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, oorun ò sì kan ojú wọn. Àfìgbà tí ẹ ṣí Jòhánù orí 11, tí ẹ ní Jésù mọ̀ dájú pé òun máa jí Lásárù dìde, síbẹ̀ Ó sunkún. Ẹ ò fi kún un. Ẹ kàn dúró, ẹ sì ń wo Bíbélì yín. Ibẹ̀ ni Màmá ti bú sẹ́kún, tí àwa ọmọ náà sì rí àyè sun tiwa. Lóru ọjọ́ yẹn ni Màmá sùn. A ò lè san oore yẹn fún yín.

Ẹ̀yin ìyá Ẹgbẹ́ Àdúrà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá jókòó ti Màmá nírọ̀lẹ́, pàápàá ìyá kan tí wọ́n á gbé aṣọ tí wọ́n ń rán dání, tí wọn ò ní sọ ju "ẹ kú ìrọ́jú" lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ 7, tọ̀sán tòru, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ̀yin ò bà á jẹ́ rárá.

A ò ní fi bò: àwọn kan wá sílé wa nígbà àìsàn, wọ́n ní ká ní ìgbàgbọ́ wa tó ni, Bàbá ì bá ti dìde nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọ egungun. Bàbá fúnra wọn ló dá wọn lóhùn lórí ibùsùn. Wọ́n ní ìgbà 3 ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, pé ẹ̀gún náà ò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ló rí gbà, ta ló wá fẹ́ sọ pé Pọ́ọ̀lù ò nígbàgbọ́? Wọ́n wá béèrè omi. Bàbá yín náà nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n.

Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin náà dá wa lọ́lá. Màmá ló ní Bíbélì Bàbá gan-an ni kó fi ka ẹ̀kọ́ kìíní, Hábákúkù 3, ẹsẹ 17 àti 18, níbi tí wòlíì ti ka òfo sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀pọ̀tọ́ tí kò tanná, àjàrà tí kò so, oko tí kò mú nǹkan jáde, ilé ẹran tó ṣófo, tó wá ní òun ó ṣì máa yọ̀ nínú Olúwa. Ọmọ náà kà á dópin, kò sì dúró. Ó tún ka nǹkan mìíràn: "Èmi náà." Bàbá ló kọ ọ́ sétí ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ òsì, lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún. Lẹ́tà náà wọ́, ó tóbi, ọmọ sì rò pé ara ẹ̀kọ́ ni. Ẹ rántí bí ilé ṣe pa lọ́lọ́, kí bàbá kan tó kígbe Halelúyà láti ẹ̀yìn.

Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́, ẹ̀yin ò dákẹ́. Olúwa ò ní gba orin lẹ́nu yín. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ tọ́jú Bàbá bíi bàbá tiyín, ẹ̀yin tí ẹ dáná, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ to àga, tí ẹ tún kó o, ẹ̀yin tí ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wò ó lórí fóònù láti òkèèrè, ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn àna wa, ẹ kú àdúrótì.

Ẹni tí a ò bá dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ forí jì wá. Èrò pọ̀, orí wa ò sì tíì pé. Ẹni tí kò rí ìjókòó, ẹni tí a kí tí a ò dá mọ̀, ẹ má fi sínú. Olúwa tó ń rí ìkọ̀kọ̀ rí yín.

Ẹ̀yin náà ò ní dá nìkan wà lọ́jọ́ ìpọ́njú. Àìsàn ò ní gbé yín dè. Ẹkún tí ẹ bá sun, ẹ ó rí ẹni bá yín nu ún. Ọmọ yín á sin yín, ẹ ò ní sin ọmọ. Ìgbàgbọ́ yín ò ní yẹ̀. Ilé yín á tòrò, ọ̀nà yín á là, àmín ní orúkọ Jésù.

Àwọn tó bá gbàgbé agboòrùn sílé ìjọsìn, ó wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú bàtà ọmọdé kan, ẹsẹ̀ òsì. Fọ́tò ń bọ̀.

Àwa ọmọ, fún gbogbo ìdílé.