Ẹ̀yin ọmọ wa l'Abuja, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ dọ́sìbìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìlàkàkà o. Mo mọ̀ pé owó ilé ló ń dà yín láàmú, àmọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń dà nù ni mo bá wá.

Tí èèyàn bá bi yín bóyá ó yẹ ká dín ìdọ̀tí kù, tọkùnrin tobìnrin yín á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu dùn ún rò'fọ́. Ilé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Kubwa, ọkùnrin méjì, obìnrin kan, èyí obìnrin ló ń wo inú fúríìjì kó tó lọ ọjà, òun ló mọ ọjọ́ tí mọ́tò tó ń kó ilẹ̀ ń wá, àwọn tọ̀hún á kàn pe oúnjẹ lóru, wọ́n á jẹ ẹ́ kù, páàkì, ṣíbí oníke, lẹ́dà, gbogbo ẹ̀ á sùn sórí tábìlì. Mo bi èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọkùnrin náà, ó ní "Màámi, iṣẹ́ àbúrò wa nìyẹn." Iṣẹ́ ta?

Àwọn tó ń ṣèwádìí nílẹ̀ òkèèrè náà sábà máa ń rí i pé obìnrin ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí ju ọkùnrin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Èmi ò gbà pé Ọlọ́run ló dá a mọ́ wọn o, ẹni tó ń fọ ìkòkò ló ń rí ohun tó kù nídìí ẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ra odidi apẹ̀rẹ̀ tòmátì torí pé ó pọ́ọ̀kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná ò wá sí, tí ìdajì ẹ̀ á ti rà kó tó di Wẹ́sidéè? Ẹ wo àwọn Hausa tó yí yín ká, wọ́n á là á, wọ́n á sá a sóòrùn, tòmátì, ata, ilá, ó di ọjọ́ mìíì.

UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká fún Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní lọ́dún 2022 oúnjẹ tó lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ló ṣòfò lágbàáyé, ìdá 60 nínú 100 ẹ̀ ló tinú ilé wá, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Tiwa ń lọ sí ààtàn Gosa, lọ́nà éápọ́ọ̀tù, oúnjẹ tó bá rà sábẹ́ ilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ò dé, gáàsì mẹ́tíènì ló ń tú jáde, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹni tó bá pe oúnjẹ ni kó kó páàkì ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ sì máa mú abọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, kò tini lójú. Ike àti agolo, ẹ ṣàn wọ́n, ẹ kó wọn sọ́tọ̀ fún mai bola, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri láti ra irú wọn, kó má baà máa fọwọ́ wá a nínú ọbẹ̀ tó ti kan. Tó bá sì sọ iye tó máa san, ẹ má bá a fa wàhálà náírà márùn-ún, inú oòrùn ló ti ń ti kẹ̀kẹ́ yẹn bọ̀.