Sí ẹ̀yin oníbàárà wa: ìdí tí a kò fi ki sípéèsà sábẹ́ ọkọ̀ mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé jíìpù àti Hilux wá sọ́dọ̀ wa láti inú Òṣogbo, láti Ìkìrun, láti Ìbòkun àti ọ̀nà Iléṣà, ẹ kú ìfaradà.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ọ̀gá kan gbé Prado rẹ̀ wá láàárọ̀ Sátidé, mo ní kó jọ̀ọ́ kó máa gbé e lọ ná. Kò bú mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà dé. Ẹlòmíràn ń sọ kiri ní Ọláìyá pé mo ti lówó, pé iṣẹ́ kékeré kò jọ mí lójú mọ́. Ìyá wa kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ọ̀gá mẹkáníìkì, iṣẹ́ tí ẹ fi ọjọ́ kan ṣe fún mi lọ́jọ́sí, kí ló dé tó di ọ̀sẹ̀ kan, tí owó rẹ̀ sì lé ní ìlọ́po méjì?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè jókòó kọ ìwé yìí.

Ohun tó yí padà nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, a kò ki sípéèsà, ìyẹn ohun tí a ń ki láti fi gbé ọkọ̀ ga, sídìí sípíríìngì mọ́. A kò fi iná gáàsì mú sípíríìngì tó ti rẹ̀ gbóná kí a lè fà á ga mọ́. A kò ra sípíríìngì tòkunbọ̀ wá tà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tuntun nìkan la ó máa fi sí i, a kò sì ní dá owó lé e títí a ó fi mọ ohun tí ọkọ̀ yín ń rù lójoojúmọ́. Owó rẹ̀ wọ́n. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dìde kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ra ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo l'Ékòó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí a ti jẹ, a ti mu pọ̀. Tí mo bá fi owó ránṣẹ́ ní òwúrọ̀, ẹrù á ti wọ ọkọ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, mi ò sì ní tú páálí rẹ̀ wò kí n tó gbé e sábẹ́ ọkọ̀ yín. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ìlú tó ní ilé iṣẹ́ irin ńlá la wà yìí, síbẹ̀ òkè òkun ni sípíríìngì ti ń bọ̀, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦480 ní báńkì. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Láàárín ìgbà yẹn náà ni owó epo bẹ̀ǹtiróòlù fò sókè, tí owó ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wá láti Èkó sì tẹ̀ lé e. Owó tí mo fi ń ra sípíríìngì mẹ́rin kò ra méjì mọ́. Ẹ lè wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó fúnra yín kí ẹ lọ béèrè.

Gbogbo ìyẹn ni mo mú mọ́ra. Mo rọra ń fi díẹ̀díẹ̀ lé owó, mo sì ń jẹ àdánù ibi tó kù. Ohun tí mi ò lè mú mọ́ra ni pé ẹni tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó rí i pé owó le, kò pè mí kó sọ fún mi, ó kàn pààrọ̀ ọjà. Páálí kan náà, ọ̀dà dúdú kan náà, nọ́ńbà kan náà lára rẹ̀. Mo fi sábẹ́ Prado ìyá kan tó ń lọ wo oko kòkó wọn ní ìhà Ìfẹ́tẹ̀dó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méje tó padà wá pé iwájú ọkọ̀ ti wálẹ̀. Mo rò pé ṣọ́ọ̀kì ni. Mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, mi ò gba owó iṣẹ́. Hilux kan dé, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí ìkẹta dé, oorun kò kùn mí mọ́.

Mo lọ ra kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó. Mo wọn irin sípíríìngì àtijọ́ kan tó wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́ mìlímítà 15. Mo wọn tuntun, 14 ni. Mìlímítà kan péré. Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ yìí á ní kí ni mìlímítà kan jẹ́. Bí irin sípíríìngì bá tín-ín-rín láti 15 sí 14, tí fífẹ̀ rẹ̀ àti iye ìgbà tó yípo kò yí padà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló ti lọ yẹn. Bí irin náà ṣe nípọn tó ló lágbára jù nínú gbogbo ìṣirò sípíríìngì: a ó fi í ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ẹ bi wọ́n léèrè.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ọjà ti yí padà, ohun tó wà la ń tà." Ìgbà tí mo tún pè, kò gbé e. Láti ọjọ́ náà, kò gbé e mọ́. Ọkọ̀ mẹ́ta, mo tú gbogbo sípíríìngì iwájú wọn, mo sì ra òmíràn sí i láti àpò mi. Ẹ̀rọ ìjórin mi kejì ni mo tà. Ẹ kò rí i ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, àwọn kan nínú yín ti béèrè, mo ní ó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Irọ́ ni mo pa, ẹ má bínú. Ojú ló ń tì mí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè máa ra ohun tí wọ́n bá kàn gbé wá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, nítorí mo rí i pé èmi náà kì í bi yín ní ìbéèrè tó yẹ.

Ẹni tó bá wọlé tọ̀ wá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ gbé e sókè fún mi, ẹ fi èyí tó le jù sí i." Ohun méjì nìyẹn, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Gíga wà lọ́tọ̀, líle wà lọ́tọ̀. Líle ni iye ẹrù tí sípíríìngì máa gbà kó tó fi mìlímítà kan wálẹ̀. Sípíríìngì gígùn tó rọ̀ lè ga lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kó jókòó gbàlàjà tí ẹ bá gbé e sábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó kúrú jù ú lọ, tó sì le, lè gbé ọkọ̀ náà ga jù. Nítorí náà, ẹ má to méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹ sọ pé èyí tó gùn lẹ fẹ́.

Ìwúwo ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Dókítà tó ń fi Hilux gbé ọmọ méjì lọ sílé ìwé ní Òkè-Fìà, tó sì ń lọ sí abúlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti kọngílá tó ń fi Hilux kó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò lè ra sípíríìngì ẹ̀yìn kan náà. Àpò mẹ́wàá, kílò 500 nìyẹn. Ọkọ̀ kọngílá pẹ̀lú sípíríìngì rírọ̀, ìdí rẹ̀ á jókòó, iná iwájú rẹ̀ á máa wo ojú ọ̀run, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Tí ẹ bá gbé sípíríìngì kọngílá sábẹ́ ọkọ̀ dókítà, ẹ̀yìn dókítà ni yóò jìyà rẹ̀: ọkọ̀ á máa fò ní gbogbo kòtò, táyà á máa kúrò nílẹ̀, ibi tí táyà bá sì ti kúrò nílẹ̀, búréèkì kò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ẹ fi ohun tí ọkọ̀ ń rù nígbà gbogbo yàn án. Ọjọ́ kan nínú oṣù tí ẹ kó iṣu bọ̀ láti oko kọ́ la fi ń ra sípíríìngì. Àmọ́ bọ́ńpà onírin tí ẹ jó mọ́ iwájú, ẹ ò tú u sílẹ̀ tí ẹ bá délé, ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì kejì àti irin ìkẹ́rù orí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì náà sábà máa ń wúwo ju ti bẹ̀ǹtiróòlù lọ, iwájú ló sì wà. Àwọn tó ń ṣe ojúlówó ọjà mọ èyí. Àwọn ará Ọsirélíà tó ń ṣe Old Man Emu àti Dobinsons, kílò ẹrù tó wà lórí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pín sípíríìngì ọkọ̀ kan ṣoṣo sí oríṣiríṣi. Ẹni tí kò bá bi yín ní kílò ṣáájú kó tó ta sípíríìngì fún yín, àfọwọ́bà ló ń tà. Èmi náà ti tà á bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ ketekete, nítorí àwọn oníbàárà wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kì í fẹ́ gbọ́ ọ: sípíríìngì tó le kò sọ Hilux di tírélà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní jókòó mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n búréèkì ọkọ̀ àti ásùlù rẹ̀, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ sípíríìngì.

Ní ti sípéèsà, mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ràn jù, nítorí ó pọ́ọ́kú. Sípéèsà ń gbé ọkọ̀ ga, kò fi agbára kankan kún sípíríìngì. Èyí tó ti rẹ̀, ó rẹ̀ náà ni, ẹ kàn gbé àpótí sábẹ́ àgbàlagbà ni. Ní iwájú Prado àti Hilux, ibi tí ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ti dé apá ìsàlẹ̀ sún mọ́ inú ju táyà lọ, nítorí náà ohun tí ẹ bá ki sórí rẹ̀ ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nídìí táyà. Ṣáàfù, irin tó ń yí táyà, á wá tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ròbà rẹ̀ á ya, gíríìsì á dà, iyẹ̀pẹ̀ á wọlé, a ó sì tún máa wá ṣáàfù kiri. Mélòó nínú yín ni mo ti pààrọ̀ ròbà ṣáàfù fún? Èmi ni mo ki sípéèsà tó ya á. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún gba owó ìyẹn lọ́wọ́ yín.

Ti iná gáàsì burú jù ú lọ. Wọ́n ti fi ooru àti epo mú irin yẹn le níbi tí wọ́n ti ṣe é. Tí a bá tún fi iná mú ojú kan lára rẹ̀ gbóná, ojú yẹn á rọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti jókòó tàbí kó ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ wà lórí eré. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń ṣe é, èmi náà ṣe é fún ọdún púpọ̀. Mi ò ṣe é mọ́.

Ínṣì méjì, ìyẹn nǹkan bíi 50 mm, ni mo lè gbé jíìpù yín dé. Ẹni tó bá fẹ́ kó ga jù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní sípíríìngì nìkan, ròbà tó ń gbé epo búréèkì, apá iwájú àti irin tó di ásùlù ẹ̀yìn mú láti ẹ̀gbẹ́ ti wọ̀ ọ́. Mi ò ní irinṣẹ́ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi ọkọ̀ yín kọ́ ọ. Tí sípíríìngì bá ga, ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ gùn bá a mu. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni yóò máa so ọkọ̀ náà rọ̀.

Ohun tí a ń ṣe báyìí kò pọ̀. A ó wọn ọkọ̀ yín láti àárín táyà dé etí ìbòrí rẹ̀ lókè, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a tó tú u àti lẹ́yìn tí a bá tò ó tán, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ìdajì owó ṣáájú, nítorí mi ò ní owó tí mo lè fi dúró de ọjà mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Aláìnmẹ́ǹtì wà nínú owó náà, títún ojú iná iwájú ṣe náà sì wà nínú rẹ̀. Tí sípíríìngì bá jókòó kí oṣù mẹ́fà tó pé, mo máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ kí oṣù yìí tó wọlé, iye àtijọ́ náà ni tiyín. Mi ò ní bèèrè kọ́bọ̀ lé e. Ọjà tiyín ti dé láti ọjọ́ Ajé, ẹ gbé ọkọ̀ wá. Tí ẹ kò bá bá mi nílé, ẹ sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n gbé kálípà jáde, kí wọ́n wọn irin náà lójú yín kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan.