Àkànní, má kàn sọ fún dókítà pé "a dúpẹ́"

Àkànní ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ẹ pè mí láti Gwarinpa, ó ní látìgbà tí wọ́n ti fi stent, ọ̀pá wáyà kékeré tó ń jẹ́ kí iṣan ọkàn là sílẹ̀, sí ẹ lọ́kàn, orí àga pálọ̀ lo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tó o bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn o ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan àyà wò, tọ́mọ ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù wá o ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí o. Mo ṣe nọ́ọ̀sì ní Kàdúná títí mo fi rìtáyà, mo mọ ìbẹ̀rù yẹn dáadáa, àwọn míì tiẹ̀ máa ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ẹ̀, kì í ṣe pé wọn ò gbàdúrà tó. Nítorí náà, tí dókítà bá bi ẹ́ pé báwo ni ara, má kàn sọ pé a dúpẹ́ kó o dìde. Sọ fún un pé o ò lè sùn, àtẹ̀gùn ń bà ẹ́ lẹ́rù, o ò tíì lè padà síbi iṣẹ́. Torí kó o lè rígbà lo ayé ẹ ni wọ́n ṣe ṣe é!

Láti 1977 tí Andreas Grüntzig ti fi bálúùnù ṣí iṣan ọkàn èèyàn ní Zurich ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀, kì í ṣe nǹkan àdánwò mọ́. Àmọ́ ibi tó dí ni wọ́n là, àìsàn tó dí i ṣì wà níbẹ̀. Aspirin àti clopidogrel yẹn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, má fo ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú stent lójijì. Kódà tí dókítà eyín bá ní kó o dá a dúró, pe dókítà ọkàn ẹ ná. Tó bá jẹ́ owó ni, pè mí, má máa lò ó ní ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan.

Máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn Abuja tó mú, kó o ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bó o ṣe ń rìn, tí èémí bá ti ń gé, dẹ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àyà bá ń dùn ẹ́ tó ò bá lọ lẹ́yìn tó o sinmi, ọsibítù ni o, má sì fúnra ẹ wa mọ́tò lọ.

Ọ̀rọ̀ iyàrá, ìyàwó ẹ ò sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo mọ̀. Tó o bá ti lè gun àtẹ̀gùn àjà méjì láìsí àyà dídùn, má bẹ̀rù. Àmọ́ má ra oògùn agbára ọkùnrin kankan ní Wúsè láìbi dókítà, tóun àti oògùn àyà dídùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n bá pàdé nínú ara, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ó lè pa èèyàn.

Mo máa wọ train ní Rìgásà ní Sátidé. Kí ìwọ àtọmọ ẹ wá pàdé mi ní Kubwa.

Màmá ẹ