Lẹ́tà sí Àjàní ní Leeds: má tíì ra dísìkì mìíràn

Ìbàdàn

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ara ìyàwó àti àwọn ọmọ le. Àlàáfíà la wà níbí náà. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní àwọn ṣì ń retí fọ́tò ọmọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Toyota Yaris rẹ ni mo fẹ́ fi ìyókù ìwé yìí sọ. O ní wọ́n pààrọ̀ dísìkì iwájú, irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí, àti páàdì tó ń fún un mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró, pé ọkọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ fún oṣù mélòó kan, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí o bá tẹ búréèkì lórí eré. Ní báyìí wọ́n ní kí o tún lọ mú owó dísìkì wá. Jọ̀ọ́, má tíì san án. Dísìkì tuntun kì í ṣàdédé bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bà á jẹ́, bí ẹ kò bá sì wá nǹkan náà rí, dísìkì kẹta á bá méjì ìṣáájú lọ.

Mo dúpẹ́ pé o ṣàlàyé dáadáa. O ní sítíárìn ló ń jó lọ́wọ́ rẹ, pé ìgbà tí o bá tẹ búréèkì nìkan ni, àti pé bí eré ṣe ń dínkù ni jíjó náà ń rọlẹ̀. Iwájú nìyẹn, wọn kò parọ́ fún ọ níbẹ̀. Ká ní ó máa ń gbọ̀n lórí eré máìlì 50 sí 70 ní wákàtí kan nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kò sí lórí búréèkì rárá ni, balánsì táyà ni mi ò bá ní kí o lọ wò, búréèkì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Ká sì ní ìdí àga rẹ ló ń mì, tí ọwọ́ rẹ rọlẹ̀ lórí sítíárìn, ẹ̀yìn ni mi ò bá fura sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ gan-an lórí títì tó ń yọ̀ ni pẹ́dà ń ta pá-pá-pá sí ọ lẹ́sẹ̀, ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí o bá tẹ búréèkì, ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Fi í sílẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní fún àìsàn yìí: “Dísìkì ti bẹ́ńdì.” Mo ti wọn ọ̀pọ̀ dísìkì tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lóòótọ́ kò wọ́pọ̀. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé ó nípọn níbìkan ju ibòmíràn lọ. Bí ibi tó nípọn bá kọjá láàárín páàdì méjèèjì, wọ́n á fún un mọ́ra. Bí ibi tó fẹ́lẹ́ bá dé, wọ́n á dẹwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa fún un, tí wọn yóò sì máa dẹwọ́, bí táyà ṣe ń yí, òun ni sítíárìn ń jẹ́ kó o mọ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ náà. 0.02 mm ti tó láti da ọkọ̀ láàmú, irun orí sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló wá sọ dísìkì tuntun dà bẹ́ẹ̀? Ibi tó jókòó lé ni. Orí họ́ọ̀bù, irin tí wọ́n ń tái táyà mọ́, ni dísìkì ń jókòó, ìlú yín sì ń da iyọ̀ sójú títì lásìkò òtútù. Irin tí iyọ̀ bá ń bá jẹun, kíá ló ń dípẹtà. Ẹni tó bá gbé dísìkì tuntun lé họ́ọ̀bù tó ti dípẹtà láì gbo ó, dísìkì náà kò ní jókòó gún, á máa fì bó ṣe ń yí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ fún ọ, o kò ní mọ nǹkan kan, torí pé ó ṣì nípọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí o fi ń lọ tí o ń bọ̀, tí o kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan búréèkì, ibi tó fì síta yẹn ń fara kan páàdì lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì ni. Díẹ̀díẹ̀, páàdì á jẹ ibẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́, ìgbọ̀n á bẹ̀rẹ̀. Oṣù mélòó kan tí ọkọ̀ rẹ fi dúró jẹ́ẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n fura sí họ́ọ̀bù.

Nọ́ọ̀tì táyà náà lọ́wọ́ sí i. O rántí àwọn fọkanáísà wa ní Ìwó Road, bí wọ́n ṣe máa ń gun orí sípánà kí nọ́ọ̀tì lè le? Lọ́dọ̀ yín, ẹ̀rọ tó ń ké gàràrà ni wọ́n ń lò, ìṣọwọ́ṣe kan náà ni. Nọ́ọ̀tì kan á le ju èkejì lọ, á sì fa dísìkì sápá kan. 103 Nm ni agbára títái tí Toyota sọ fún nọ́ọ̀tì irú ọkọ̀ rẹ. Sípánà tó ń wọn agbára ni kí wọ́n fi tái wọn, kí wọ́n tái ọ̀kan, kí wọ́n bọ́ sí èyí tó kọjú sí i.

Ọ̀nà kan tún wà. Oníbàárà mi kan sábà máa ń ti Èkìtì bọ̀, tí yóò tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè títí délẹ̀, tí yóò wá dúró gbọn-in síwájú àwọn ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pẹ́dà. Páàdì tó gbóná janjan á fi àbàwọ́n ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú dísìkì níbi tó ti dúró, ọkọ̀ á máa gbọ̀n láti ọjọ́ náà lọ. M62 tí ẹ ń gbà lọ sí Manchester gun òkè Pennines, ó sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tirẹ̀. Máa fi jíà tó rẹlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, má sì fi búréèkì gbígbóná dúró gbọn-in sínú gosiló bí o bá lè jẹ́ kó máa yí díẹ̀díẹ̀.

Tóò, ohun tí wàá ní kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n tú táyà iwájú, kí wọ́n dá nọ́ọ̀tì padà kí dísìkì lè dúró gírí, kí wọ́n wá gbé gééjì alágogo, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ bí dísìkì ṣe ń fì tó, sí i, kí wọ́n sì máa yí i. Bí ó bá fì ju 0.05 mm lọ, kí wọ́n tú dísìkì, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ojú họ́ọ̀bù títí yóò fi máa dán, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì gún, kí wọ́n yí dísìkì náà sí bóòtù mìíràn, nígbà mìíràn ìyẹn nìkan ti tó. Kí wọ́n fi maikirómítà wọn sísanra rẹ̀ yípo. Bí ó bá ṣì nípọn ju iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sí i lára lọ, wọ́n lè fi ẹ̀rọ fá a dọ́gba dípò kí o ra òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wo pínnì kálípà, ilé tó di páàdì mú, bóyá ó ti há, kí wọ́n sì mi ẹsẹ̀ ọkọ̀. Búṣì lówà áàmù, rọ́bà ìdí apá irin tó di táyà mú, bí ó bá ti rọ̀, kì í sábà dá irú ìgbọ̀n yìí sílẹ̀, ó kàn ń sọ kékeré di ńlá ni.

Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní gééjì, gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò lè wọ̀n ọ́n, àfọ̀ṣẹ ló ń sọ.

Títí di ìgbà náà o lè máa wà á jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí pẹ́dà bá ń rì, bí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, tàbí bí o bá gbọ́ tí irin ń ha irin, gbé e sílẹ̀, kí o wọ bọ́ọ̀sì.

Kọ nọ́ńbà tí gééjì bá fi hàn ránṣẹ́ sí mi, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀. Bí méjèèjì bá gún, tí wọ́n sì nípọn dọ́gba, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ la máa tú wò, màá sì kọ bí wọn yóò ṣe ṣe é. Bá mi kí ìyàwó rẹ, má sì gbàgbé fọ́tò Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí