Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Orin Tí Kwáyà Wa Ń Kọ́ Fún Kérésì

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o, ẹ kú ìmúra Kérésì. Ó ti dé etí mi pé àwọn kan ń bi ara wọn pé irú orin wo lèyí táwọn kwáyà ń kọ́ nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, kò sílù níbẹ̀, kò sí pátẹ́wọ́, wọ́n á ṣá máa fa ohùn gígùùùn, ẹni tó ń kọjá lọ ní títì á rò pé ìsìn òkú là ń ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, torí orin náà ti wọ̀ mí lára gan, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa wo aago lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́.

O Magnum Mysterium lorúkọ ẹ̀. Látìn ni. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́, ìsìn òru Kérésì ni wọ́n ti máa ń lò ó láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti fi ohùn sí i látìgbà náà, àmọ́ ohùn tí àwa ń kọ́ yìí, tayé ìsinyìí ni, Morten Lauridsen, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, oṣù December 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ síta ní Los Angeles. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ó ní ìyanu ńlá ni o, pé ẹranko ló rí Olúwa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ibùjẹ ẹran. Ó wá yìn Màríà wúńdíá tí inú ẹ̀ yẹ láti gbé Kristi. Halelúyà. Ó tán.

Ẹranko o! Lúùkù ò dárúkọ màlúù kankan o, ibùjẹ ẹran ló sọ, àmọ́ Aísáyà ti wí ṣáájú pé màlúù mọ ẹni tó ni òun, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ ibi tí olúwa ẹ̀ ti ń bọ́ ọ, Ísírẹ́lì ni ò mọ̀. Ibẹ̀ làwọn baba ìgbàanì ti mú un. Hẹ́rọ́dù wà láàfin, ò rí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé òfin wà ní Jerúsálẹ́mù, wọn ò rí i. Àwa ọmọ Àgbádárìgì ló yẹ kírú nǹkan yìí tètè yé, torí lọ́dún 1842 tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé síbí, abẹ́ igi Àgíà ló dúró sí tó ń wàásù, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí bẹ́ńṣì, kò sí spíkà, igi lásán tó wó lulẹ̀ lọ́dún 1959. Ibẹ̀ náà ni Ìhìnrere gbà wọlé.

Àmọ́ ohun tó mú mi kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí gan-an, nóòtì kan ṣoṣo ni.

Mo máa ń lọ jókòó sáàárín àwọn básì tí wọ́n bá ń ṣe ríhásà. Orin yẹn, inú kíì D ni wọ́n kọ ọ́ sí, gbogbo ohùn ló bára mu, ó ń tù ẹ́ lára ṣáá, ìgbà tó wá kan ọ̀rọ̀ wúńdíá, Virgo, àwọn áltò, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, á kọ G sharp, ìyẹn «fe» nínú sol-fa tá a fi ń kọ́ ọ. Lauridsen fúnra ẹ̀ sọ pé nóòtì yẹn nìkan ni kì í ṣe ọmọ ilé kíì D nínú gbogbo orin náà, pé nóòtì náà ló sì ṣe pàtàkì jù, torí òun ń wá bí òun ṣe máa sọ ìyà tí Màríà jẹ, ìyá tí wọ́n yàn láti bí I, tó tún wá dúró nídìí àgbélébùú tó ń wo bó ṣe ń kú. Símíónì ti sọ fún un nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọwọ́: idà á gún ọkàn ìwọ náà. Lúùkù 2:35. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ kà á.

Àwọn áltò wa kọ́kọ́ ń sá fún un. Wọ́n á rọra yọ́ lọ sórí «fa», torí ó ń dun etí. Ọ̀gá kwáyà dá wọn dúró, ó ní ẹ má sá, ó yẹ kó dùn yín, ẹ dì í mú. Ìgbà tí wọ́n dì í mú lóòótọ́, èmi ò lè kọrin mọ́. Àwọn ìyá tó sin ọmọ lọ́dún yìí nínú ìjọ yìí ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìgbà tí Kérésì bá dé, kí la máa ń sọ fún wọn? Ẹ gbàgbé, ọdún lọdún ń jẹ́, ẹ má ṣe bí ẹni tí ò gba Ọlọ́run gbọ́, ẹ jó. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá, ó sì ti pẹ́ tí mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Orin yìí ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹ̀dùn náà sí àárín ayọ̀, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ní kó panu mọ́, Halelúyà wá tẹ̀ lé e.

Ohun míì tí mo rí níbẹ̀. Ohùn ẹ̀ gùn ju èémí ẹnikẹ́ni lọ, torí náà ńṣe ni wọ́n ń mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í mí pa pọ̀, bí ìwọ bá dákẹ́ mí, ẹnìkejì ẹ ṣì wà lórí ẹ̀, bí àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun ni, ẹnì kan lè jọ̀wọ́ okùn kó fi so aṣọ ẹ̀, àwọ̀n ò ní padà sínú omi. Ẹni tí ò bá lè gbàdúrà lásìkò yìí nínú yín, àwa yòókù ṣì wà lórí ẹ̀. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Èmi ò kórìíra ìlù o, a máa jó lọ́jọ́ náà, gángan á dún dáadáa. Àmọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí wọ́n á fi kọ orin yẹn, a máa pa jẹnẹrétọ̀, ooru á mú wa díẹ̀, ẹ farada, ẹ pa fóònù, kẹ́nikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ láàárín. A ti ń tẹ ìtumọ̀ ẹ̀ ní Yorùbá àti Ègùn sórí bébà. Ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀, tí ò bá wù yín láti dìde, ẹ jókòó, ẹ sunkún tẹ́ ẹ bá fẹ́, kò sáṣẹ́nà tó máa dí yín lọ́wọ́, mo ti bá wọn sọ ọ́. Ténọ̀ ò sì tó o, ẹ̀yin ọkùnrin, aago márùn-ún Tọ́sìdeè, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ mọ nóòtì kà, a máa kọ́ yín.