Ẹ Má Tún Fọ́ Ìkòkò Aró Ọ̀ṣun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ kí n tó kọ ìwé yìí. Ní Sátidé tó kọjá, nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà kan gbé sípíkà tó ga tó àpótí ìjókòó wá sétí odò. Wọ́n tan orin, wọ́n ń jó, wọ́n ń ya fídíò. Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, igbá wà níwájú rẹ̀, ó ń wúre. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ìyá gbóhùn sókè. Àwọn náà fi kún orin wọn. Ó tún gbóhùn sókè títí ohùn rẹ̀ fi há. Ló bá dákẹ́, ó gbé igbá rẹ̀, ó rọra gòkè lọ láìparí ìwúre. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé sípíkà náà wá.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Kílẹ̀ tó mọ́ tán ni sípíkà àwọn tó ń ta oògùn eku ti ń ké, ti alágbo ń dá a lóhùn, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Tí oníbàárà bá béèrè iye yáàdì kan, ìka ni mo fi ń dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí èmi àti ọmọ àbúrò mi fi gba ọ̀nà Ìwó lọ láàárọ̀ kùtù. Mùsùlùmí ni mí, n kò lọ bọ Ọ̀ṣun. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo wá lọ.

A sì rí i, fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Àwọn igi ńlá pàdé lókè bí àtíbàbà, ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, bí ewé kan bá já, à ń gbọ́ ìgbà tó kanlẹ̀. Ọmọ tí kì í panu mọ́ nílé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láìsí ẹni tó kìlọ̀ fún un. A rí àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, obìnrin ará Austria tó di ọmọ ilé, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo fi sìmẹ́ńtì mọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni obìnrin yẹn fi jà kí wọ́n má baà gé igi ibẹ̀, kí wọ́n má baà ta ilẹ̀ ibẹ̀, kó tó kú ní 2009. Ní 2005 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ka igbó náà mọ́ ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣé kí a lè ráyè tan sípíkà ni?

Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Lárooyè àti Olútìmẹ́yìn tẹ̀dó sétí odò yẹn, igi kan tí wọ́n gé wó sínú omi. Ohùn kan ké látinú odò pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ní ìlú ti gba orúkọ. Èmi tí mò ń ta àdìrẹ mọ ohun tí ìkòkò aró jẹ́: ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni elú fi ń rẹ nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dé yẹn gbọ́ igbe, wọ́n ṣí kúrò létí omi. Àwa ò gbọ́. Ìyá yẹn ò parí ìwúre rẹ̀!

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Wọn a máa sọ̀rọ̀ ìrìnàjò afẹ́ lórí rédíò, wọn a dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ. Ti ariwo ò kàn wọ́n, ì báà jẹ́ lọ́jà, ì báà jẹ́ nínú igbó.

Ohun tí mo fẹ́ ò gbówó lórí. Kí wọ́n kan pẹpẹ kan sẹ́nu géètì. Kí ẹni tó bá gbé sípíkà wá fi sílẹ̀ níbẹ̀, kó gba nọ́ńbà, bí a ti ń fi báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńlá, kó gba ẹrù rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ. Kí fóònù wọlé, àmọ́ kí ó má dún. Ẹni tó bá fi sípíkà pa mọ́ wọlé, kó má rí i gbà títí ọdún Ọ̀ṣun tó ń bọ̀ yóò fi parí. Kí wọ́n fi ọ̀dọ́ kan tí kò níṣẹ́ tì í, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ látinú owó àbáwọlé. Mo ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí láti kékeré, mi ò rí ẹni tó jà nítorí rẹ̀ rí.

Kí wọ́n sì dá àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò lọ́wọ́ kọ́, omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀.

Mo máa padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá tún bá sípíkà létí odò, ẹ máa gba lẹ́tà mi mìíràn.

Ìyá aláṣọ,
Gbági, Ìbàdàn.