Ìròyìn ọdún dáyósíìsì: a ti gbọ́ iye ènìyàn, iye owó ló kù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ìròyìn ọdọọdún tí àwọn dáyósíìsì Ìjọ Àgùdà, ìyẹn agbègbè tí Bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń ṣàkóso, máa ń fi ránṣẹ́ sí páríìṣì, àwọn ìjọ tó wà lábẹ́ wọn, ló mú mi kọ̀wé yìí. Mo ṣe akápò páríìṣì kan fún ọdún mẹ́wàá gbáko, lábẹ́ Fadá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n tó gbé ìwé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ páríìṣì náà, n kò sì ní dárúkọ dáyósíìsì rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan ni mo wá rò. Dáyósíìsì mẹ́sàn-án ló wà ní ẹkùn Èkó àti ti Ìbàdàn, tí a bá ka àwọn méjèèjì mọ́ wọn, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìlọrin; ẹni tó bá wà nínú èyíkéyìí nínú wọn yóò mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà kan ibi tí òun wà.

Bí a ti máa ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa nìyí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí a bá ti gba Kòmúníọ̀nù tán, tí ebi ti ń pa àwọn ọmọdé, tí àwọn ìyá sì ti ń tún ọ̀já ọmọ dì, katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wa, á bọ́ síwájú pẹ̀lú ìwé olójú-ewé mẹ́rin. Á ka iye ọmọ tí a ṣe ìrìbọmi fún, iye àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù fi òróró mímọ́ sàmì sí níwájú orí, iye ìgbéyàwó, iye àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà ní sẹ́minárì ní Bódìjà, iye ìjọ kéékèèké tí a sọ di páríìṣì, àti orúkọ àwọn Fadá tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. A óò pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ọ̀rọ̀ owó, ìlà kan péré: pé gbogbo páríìṣì gbìyànjú, pé owó tó wọlé lọ́dún yìí ju ti èṣí lọ, kí Ọlọ́run bù kún apá tí a ti mú un jáde. A óò tún pàtẹ́wọ́, Fadá á súre, a óò sì tú ká.

Èmi tí mo ń pàtẹ́wọ́ yìí wà lára àwọn tó ń ka owó náà. Lẹ́yìn Mísà kejì, a óò ti ilẹ̀kùn yàrá tí Fadá ti ń múra, a óò da àpò ọrẹ sórí tábìlì, a óò sì máa ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹgbẹ̀rún náírà lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tẹ̀lé e, igba, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta. Owó àwọn ìyá ọlọ́jà a máa rùn ẹja gbígbẹ. Ti àwọn ọmọ ilé-ìwé a ti di kókó bíńtín, nítorí láti ìgbà tí ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ rún un. Kì í wọ́n kí a má rí náírà mẹ́wàá kan tí wọ́n fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ lójú méjì, tí báǹkì kò ní gbà; ẹnì kan nínú wa á fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ọrẹ onítọ̀hún má baà ṣòfò. Ènìyàn mẹ́ta á fọwọ́ síwèé, Fadá á fọwọ́ sí i, tí ó bá sì di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé mo ti wà ní báǹkì. Bí a ti ń ṣọ́ owó náà tọwọ́tẹsẹ̀ nìyẹn nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ìgbà tí ìpín dáyósíìsì bá ti kúrò lọ́wọ́ wa ni ó máa ń di ìlà kan.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá Akápò, owó àwọn ọmọ sẹ́minárì tí a dá lóṣù tó kọjá yẹn, èló ló dé ọ̀hún?” Mo ní, “Ìyá wa, ó dé.” Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n iye tó kúrò lọ́wọ́ tiwa nìkan ni mo mọ̀, n kò mọ iye tí gbogbo páríìṣì kó jọ, n kò sì mọ iye tó dé ọwọ́ àwọn tó ń bọ́ àwọn ọmọ náà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èmi kì í sọ fún oníbàárà mi pé èlùbọ́ wà níbẹ̀ o. Mo máa ń wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀ ni.”

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni ìyá yẹn ń béèrè. Ìwé òfin Ìjọ tí Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì gbé jáde ní 1983 ti là á sílẹ̀. Òfin 492 ní kí dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ètò owó, tí kò gbọdọ̀ dín ní ọmọ ìjọ mẹ́ta, àwọn tó mọ ètò ọrọ̀ ajé àti òfin ìlú dájú, tí a óò yàn fún ọdún márùn-ún. Ó sì yọ àwọn ẹbí Bíṣọ́ọ̀bù kúrò nínú rẹ̀ títí dé ìpele kẹrin, ìbáà jẹ́ ẹbí ti ẹ̀jẹ̀ tàbí ti àna. (Àfi bí ẹni pé ẹni tó kọ òfin yẹn ti jókòó sí ìpàdé ẹbí nílẹ̀ Yorùbá rí.) Òfin 493 ní kí ìgbìmọ̀ yìí máa ṣètò bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, kí ó sì yẹ owó tó wọlé àti èyí tó jáde wò nígbà tí ọdún bá parí. Òfin 1267 ní owó tí a bá dá nítorí ohun kan, ohun náà nìkan ni a lè ná an lé lórí. Ṣùgbọ́n èyí tí n kò tíì gbọ́ kí wọ́n kà sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí ni ìpín kejì òfin 1287, tó ní kí àwọn alábòójútó jíhìn fún àwọn onígbàgbọ́ lórí ohun tí àwọn onígbàgbọ́ fi ta Ìjọ lọ́rẹ, gẹ́gẹ́ bí òfin àdúgbò bá ti là á kalẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ni òfin náà dárúkọ. Bíṣọ́ọ̀bù ń jábọ̀ fún Róòmù ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ìyẹn wà láàyè tirẹ̀. Akápò dáyósíìsì ń jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ ètò owó, ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dípò ìjíhìn fún ìyá tó ń ta èlùbọ́ nínú méjèèjì. Bí ẹnì kan bá sì ní òfin náà fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òfin àdúgbò, mo gbà, ọ̀nà tí a óò gbà jíhìn ló fi sílẹ̀ fún àdúgbò. Kò fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti má jíhìn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìlà kan tí à ń pàtẹ́wọ́ sí yẹn, pé owó ju ti èṣí lọ. Mo fi iṣẹ́ ìṣirò owó jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ yẹn kì í sì í dùn mọ́ mi nínú. Àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà dé 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Ọ̀pẹ 2024. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dáyósíìsì tí owó rẹ̀ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i lọ́dún náà ti rẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí a kọ sínú ìwé pọ̀ sí i. Ní páríìṣì tiwa, kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Ẹ̀bìbí 2023 ni a ti bẹ̀rẹ̀ gbọ̀ngàn kan. Nígbà tí yóò fi di oṣù Èrèlé 2024, àpò síméǹtì kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, gbọ̀ngàn náà sì dúró sí lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, ó wà níbẹ̀ tí ewéko ti ń gùn ún. Bí ìròyìn ọdún bá sọ irú èyí fún wa, pé owó pọ̀ lójú ṣùgbọ́n kò ra nǹkan, àwọn tó lágbára á mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn fi kún un. Ọ̀rọ̀ pé nǹkan ń lọ dáadáa kò mú kí ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ àpò.

N kò sọ pé a ń ná owó náà nínàákúnàá. Ẹni tó bá ti sún mọ́ iṣẹ́ dáyósíìsì mọ ibi tí ó ń lọ. Òun ni a fi ń tọ́ àwọn ọmọ sẹ́minárì fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni a fi ń tọ́jú Fadá tó dàgbà tí kò lè sìn mọ́, òun ni katikíìsì abúlé ń retí lóṣooṣù, òun sì ni páríìṣì ìgboro fi ń gbé páríìṣì oko ró. Ẹ rántí ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Òkúdù 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Francis ní Ọ̀wọ̀. Ilé-ìwòsàn Kátólíìkì St Louis nílùú náà wà lára ibi tí a kọ́kọ́ sáré gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ. Irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá sílẹ̀ ní ọjọ́ tí àjálù bá dé. Ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ máa san owó iná, owó nọ́ọ̀sì àti owó oògùn rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí a rí iye rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àwọn ọmọ ìjọ ló sì ti ń gbé iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí àlùfáà tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, Bàbá Àńtóníò tí kì í ṣe àlùfáà ti ń kó àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé jọ fún àdúrà. Àwọn ọ̀mọ̀lé àti káfíńtà Àgùdà yìí kan náà ló sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ ní àwọn ọdún tó yí 1880 ká. Láti Lyon nílẹ̀ Faransé ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA tó wá sí Èkó ti wá. Nílùú Lyon yẹn náà ni ọmọbìnrin kan, Pauline Jaricot, ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tó ń dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ ìhìnrere, èyí tó fìdí múlẹ̀ ní 1822. Lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ híhun ni púpọ̀ nínú kọ́bọ̀ wọ̀nyẹn ti jáde. Bí ó bá jẹ́ pé wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ kínníkínní, ta ni ìbá tún dá tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló là mí lójú sí ohun tí àwọn ibòmíràn ń ṣe. Òfin àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní Ẹ́ńgílándì de dáyósíìsì wọn, nítorí náà, kí oṣù mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí, ìwé owó wọn gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ náà, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Ó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ó ṣí ìwé dáyósíìsì Southwark lórí fóònù rẹ̀, ó ń kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí tí káàdì mi fi tán. Ní Jámánì, ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un jáde: ní 2013, ariwo ta ní Limburg nítorí ilé Bíṣọ́ọ̀bù tí iye tí wọ́n ná lé e lórí dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 yúrò, Bíṣọ́ọ̀bù náà fipò sílẹ̀ ní 2014, ariwo yẹn ló sì mú kí àwọn dáyósíìsì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò wọn síta, tí Cologne sì kéde ní 2015 pé ohun ìní òun tó bílíọ̀nù 3.35 yúrò. Ó sàn kí tiwa jáde nígbà tí ariwo kò tíì ta.

Àtakò kan wà tí n kò fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń jí Fadá gbé ní Nàìjíríà, àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé bí a bá kéde owó, a ti fọ̀nà han ajínigbé nìyẹn. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Iye tó wọlé lọ́dún tó kọjá, tí a sì ti ná, kò sí nínú àpótí ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó ń fa ajínigbé ni àròsọ pé owó kún inú ilé Fadá, ìwé tó bá sì fi hàn pé ohun tó kù lẹ́yìn ìnáwó kò tó nǹkan ló lè pa àròsọ náà. Nígbà tí CAMA, òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, jáde ní 2020, tí abala 839 rẹ̀ fún ìjọba lágbára láti dá àwọn alábòójútó ìjọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, fárígá, èmi náà sì fárígá pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fẹ́ kí ará ìta wá tú ẹrù wa, àwa la gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ fún ọmọ ilé. Páúlù Mímọ́, nígbà tó ń gbé owó lọ fún àwọn ará Jerúsálẹ́mù, mú ẹlòmíràn tí àwọn ìjọ yàn dání, kí ẹnikẹ́ni má baà rí òun bá wí lórí owó náà. Ó wà nínú ìwé kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹjọ.

Ojú-ewé kan ṣoṣo tí a fi Yorùbá kọ ti tó, tí yóò sọ iye tó ti páríìṣì wá, iye tó ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ìwòsàn wá, iye tó ti òkè òkun wá, iye tí a ná sórí sẹ́minárì, sórí àwọn Fadá arúgbó, sórí katikíìsì àti sórí ilé kíkọ́, pẹ̀lú gbèsè tó wà nílẹ̀. Kí ó dárúkọ owó àkànṣe kọ̀ọ̀kan, ti Póòpù ní oṣù Òkúdù, ti iṣẹ́ ìhìnrere ní oṣù Ọ̀wàrà àti ti sẹ́minárì, kí ó sọ iye tí a kó jọ, iye tí a fi ránṣẹ́, àti ọjọ́ tí ó lọ. Nígbà tí ọmọ wa bá fẹ́ gbéyàwó, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni a fi ń kéde orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó bá mọ ohun kan lè sọ ọ́. Lára bọ́ọ̀dù tí a ń lẹ orúkọ àwọn ọkọ àti ìyàwó mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àyè wà níbẹ̀ fún ojú-ewé kan sí i. Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí kí àwọn ìgbìmọ̀ ètò owó tó jókòó lórí ìṣirò ọdún yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akápò páríìṣì tẹ́lẹ̀ rí